Joseph Ayọ̀ Babalọlá àti Àwa Ọmọ Ọ̀fà

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá sínú ìwé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn wíwò ni. Ìtàn ìgbésí ayé Joseph Ayọ̀ Babalọlá ni, ẹni tí tọmọdé tàgbà ní ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ sí Àpọ́sítélì Babalọlá. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò kọ nípa rẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ kan ló kàn mí lára nínú ìtàn náà, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé bá mi gbé e yẹ̀ wò.

Ọmọ Ọ̀fà ni mí. Ní ọjọ́ kan, àwa akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan jókòó, a ń jiyàn lórí ìtàn àwọn ìjọ Aládùúrà. Ọ̀kan nínú wa tí ó jẹ́ ọmọ Ẹ̀fọ̀n Aláayè bẹ̀rẹ̀ sí fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní àwa ará Ọ̀fà ni a lé Babalọlá kúrò ní ìlú, pé àwọn baba tiwọn ni wọ́n fi ọ̀yàyà gbà á. Gbogbo ìjókòó bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú. Mùsùlùmí ni gbogbo ilé bàbá mi. Ìyá tí ó bí ìyá mi sì jẹ́ ọmọ Ìjọ Àpọ́sítélì Kristi títí tí ó fi jáde láyé. Bí ọ̀rẹ́ mi ti ń sọ̀rọ̀, ńṣe ni ó dà bí ẹni pé ó ń fi apá kan ara mi bú apá kejì. N kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ yìí ni èsì mi.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kẹrin ọdún 1904 ni wọ́n bí Babalọlá ní Odò-Ọwá, nítòsí Ìlọfà, ní apá ibi tí a ń pè ní Ìpínlẹ̀ Kúárà lónìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: ará ìhà ọ̀dọ̀ wa ni. Kì í ṣe àlejò láti ọ̀nà jíjìn ni ó wá wàásù fún wa. David Rótìmí ni orúkọ bàbá rẹ̀, Màtá Tàlábí ni ìyá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tí ó fi ẹsẹ̀ ìjọ C.M.S. múlẹ̀ ní Odò-Ọwá, òun sì ni Baba Ìjọ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ bí ilé Baba Ìjọ ṣe ń rí nígbà náà yóò mọ̀ pé ọmọ inú ilé bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàì mọ ìró agogo ìsìn. Bí ọjọ́ Ìsinmi ti ń lọ ni òmíràn ń bọ̀, ilé rẹ̀ ni a sì ti ń palẹ̀ mọ́ dè é.

Ní ọdún 1914, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tí ó jẹ́ olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi mú un lọ láti kàwé. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Òtò-Àwórì, ní ọ̀nà Àgbádárìgì, ó sì kà á dé ìwé kẹrin ní ilé ẹ̀kọ́ All Saints ní Òṣogbo. Ibẹ̀ ni ìwé rẹ̀ parí sí. Ó lọ kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ṣùgbọ́n kò pẹ́ nídìí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wọ iṣẹ́ ìjọba lọ́dọ̀ àwọn tí ń la títì, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní P.W.D. Ọkọ̀ rólà tí ń fi èéfín ṣiṣẹ́, tí ń tẹ títì mọ́lẹ̀, ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Fún ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò kọjá ìwé kẹrin, iṣẹ́ gidi ni. Owó oṣù ń wọlé, ojú ìlú sì wà lára ẹni tí ń wa ọkọ̀ òyìnbó.

Ọdún 1928 ni nǹkan yí padà. Láti oṣù kẹsàn-án ni oorun ti dá lójú rẹ̀. Ó ń ka Bíbélì lóru, ara kò rọ̀ ọ́. Nígbà tí ó di oṣù kẹwàá, ó ń tẹ títì Iléṣà sí Àkúrẹ́ nítòsí Ìkejì-Arákejì, ọkọ̀ rẹ̀ sì dákẹ́ lójijì. Kò rí ohun tí ó ṣe ọkọ̀ náà. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti sọ fún àwọn ènìyàn títí ayé rẹ̀, ìgbà náà ni ohùn kan pè é lórúkọ lẹ́ẹ̀mẹta, tí ó ní kí ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ kí ó lọ wàásù. Èmi kò sí níbẹ̀, n kò sì lè jẹ́rìí sí ohùn tí etí mi kò gbọ́. Ohun tí gbogbo ènìyàn rí ni pé ó gba ààwẹ̀, ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, òyìnbó tí ó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ sì gbìyànjú láti yí i lọ́kàn padà ṣùgbọ́n kò ṣeé ṣe. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni nígbà náà.

Odò-Ọwá ni ó kọ́kọ́ gbà lọ. Ó fi eérú para, ó wọ ìlú, ó ń kéde pé kí àwọn ènìyàn ronú pìwà dà. Àwọn ará ilé rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Wọ́n mú un lọ fún ìjọba, wọ́n sì dá a sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí, nítorí ohun tí ó ṣe lẹ́yìn èyí ni kò wọ́pọ̀ nínú ìtàn tí a ń sọ nípa rẹ̀. Kò máa rìn kiri láti ọjà dé ọjà. Inú ìjọ C.M.S. tí bàbá rẹ̀ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ ni ó padà sí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn ènìyàn jọ déédéé fún àdúrà. Àwọn ọmọ ìjọ tí wọ́n ti ń jókòó jẹ́ẹ́ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbàdúrà kíkan kíkan, àwọn mìíràn ní àwọn ń ríran, àwọn mìíràn ń fi èdè tí a kò mọ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìròyìn náà dé etí àwọn alákòóso ìjọ lókè, inú wọn kò dùn sí i. Wọ́n ní kí Babalọlá àti àwọn tí ń ríran fi ìjọ sílẹ̀. Báyìí ni ìlẹ̀kùn ilé ìjọsìn tí bàbá rẹ̀ kọ́ ṣe tì mọ́ ọn lójú.

Kí a tó tẹ̀síwájú, ó yẹ kí a mọ ibi tí ó forí lé. Ọdún mẹ́wàá ṣáájú, ní 1918, àjàkálẹ̀ àrùn tí àwọn baba wa ń pè ní lúkúlúkú jà káàkiri ayé, ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ wa. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn díẹ̀ nínú ìjọ St. Saviour's ń péjọ fún àdúrà nítorí àrùn náà. J. B. Ṣàdárè ni àgbà wọn, olùkọ́ obìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Sophia Ọdúnlàmì sì jẹ́ òpó pàtàkì láàárín wọn. Nígbà tí ó di 1922, wọ́n kúrò nínú ìjọ C.M.S. nítorí pé wọn kò gbà pé ó tọ́ láti ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọwọ́. Wọ́n bá ìjọ Faith Tabernacle ti Philadelphia ní Amẹ́ríkà dọ́rẹ̀ẹ́. Kì í ṣe òyìnbó kankan ni ó wá wàásù fún wọn. Lẹ́tà àti ìwé kéékèèké tí ń gba ojú òkun wá ni wọ́n ń kà, tí wọ́n sì ń fi Bíbélì yẹ̀ wò nígbà tí wọ́n bá péjọ. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ kíyè sí i: àwùjọ tí ń kàwé pọ̀ ni ìjọ yìí ti wá. Àwọn tí ń fi ojú òpè wo Aládùúrà kì í rántí èyí.

Àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni ó gba Babalọlá. Ní ìparí ọdún 1929, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un nínú ọ̀sà ní Èkó. Ní oṣù keje ọdún 1930, àwọn olórí ìjọ láti ìlú mélòó kan péjọ sí Òkè-Ooye ní Iléṣà láti yanjú àríyànjiyàn lórí ẹ̀kọ́ ìjọ: ọ̀rọ̀ oògùn lílò, ọ̀rọ̀ alágbèéyàwó méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti irú ẹni tí a lè ṣe ìrìbọmi fún. Ìpàdé àwọn àgbà lórí ọ̀rọ̀ inú Bíbélì ni. Ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ìròyìn ti gbà ìlú kan pé Babalọlá gbàdúrà fún ọmọ kan tí ó ti kú, ọmọ náà sì jí. Láti ọjọ́ náà ni ogunlọ́gọ̀ ti ń ya wọ Iléṣà. Ọkọ̀ ń kó wọn wá láti ìlú dé ìlú, kèrègbè àti ìkòkò omi wà lórí wọn kí ó lè gbàdúrà sí i. Agogo kan ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tí ó ní èèṣẹ́, tíírà àti ère ń kó wọn wá kí wọ́n lè dáná sun wọ́n.

Ní nǹkan bí ọdún 1931 ni ó wá sí Ọ̀fà. Ọ̀fà ìgbà náà kì í ṣe abúlé. Ọkọ̀ ojú irin ti dé ibẹ̀ ṣáájú ọdún 1910, àwọn oníṣòwò ń wọlé, wọ́n ń jáde, ẹ̀sìn Ìsìláàmù sì ti fìdí múlẹ̀ jinlẹ̀ láàárín ìlú. Bí ó ti rí níbi gbogbo ni ó rí níbẹ̀: èrò pọ̀ bí omi, àwọn kan wá gbọ́ ìwàásù, àwọn kan wá fún ìwòsàn, àwọn kan wá wòran lásán. Àwọn kan nínú àwọn Mùsùlùmí ìlú kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ń gbóná. Nígbà tí ó hàn pé ó lè di ìjà tí ẹ̀jẹ̀ yóò ta sílẹ̀ nínú rẹ̀, Babalọlá kó ẹrù rẹ̀, ó kúrò. Ó gba Ùsì ní Èkìtì kọjá lọ sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè.

Òtítọ́ ni ọ̀rẹ́ mi sọ nígbà náà. Wọn kò jẹ́ kí ó dúró ní Ọ̀fà, Ẹ̀fọ̀n sì gbà á. Ọba Aládéjàre Agúnsóyè Kejì, Aláayè ti Ẹ̀fọ̀n, fún un ní ààyè, Kábíyèsí fúnra rẹ̀ di onígbàgbọ́, wọ́n sì sọ ọ́ ní Solomon nígbà ìrìbọmi. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń ka ìtàn náà síwájú ni mo rí i pé kì í ṣe ẹ̀sìn kan ṣoṣo ni ó lé Babalọlá. Ìjọ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Baba Ìjọ nínú rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ lé e, ní ìlú tí wọ́n bí i sí. Ní 1932, ìjọba òyìnbó tí ó ń pe ara rẹ̀ ní onígbàgbọ́ fi í sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní ìlú Bìní, nítorí ìwàásù tí ó ṣe lórí ọ̀rọ̀ àjẹ́ ní Otuo. Bí a bá fẹ́ ka àwọn tí ó ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn, a óò rí C.M.S., a óò rí ìjọba, a óò rí Mùsùlùmí. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ìtàn yìí bú ìlú kan tàbí ẹ̀sìn kan, kí ó kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò.

Ohun kejì tí mo rí ni bí ó ṣe kúrò ní Ọ̀fà. Ọ̀fà ni a ti ń sọ pé ìjàkadì ni orò wa. Ọmọ Ọ̀fà mọ̀ pé ẹni tí ó bá mọ ìjà jà ló mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun tú ọwọ́ sílẹ̀. Ogunlọ́gọ̀ wà lẹ́yìn Babalọlá lọ́jọ́ náà. Ká ní ó fẹ́ ni, ì bá ní kí wọ́n dúró kí wọ́n sì kojú àwọn tí kò fẹ́ wọn. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rò pé lílọ tí ó lọ yẹn wà lára ìwàásù tí ó dára jù lọ tí ó ṣe ní ilẹ̀ Yorùbá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lanu sọ ọ́.

Ìyókù ìtàn ìjọ náà kò ṣòro láti sọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1931, àwọn aṣojú ìjọ Apostolic Church gúnlẹ̀ sí Èkó láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ènìyàn wa sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Ìrẹ́pọ̀ náà kò tó ọdún mẹ́wàá tí ó fi dàrú, oògùn sì ni ọ̀rọ̀ tí ó dá a sílẹ̀. Àwọn òyìnbó ń lo kúníìnì nítorí ibà, àwọn Babalọlá sì ní ẹni tí ń wàásù ìwòsàn láìlo oògùn kò gbọdọ̀ máa gbé oògùn mì. Wọ́n pínyà, nígbà tí ó sì di 1943, ìjọba forúkọ Christ Apostolic Church sílẹ̀. Ìsáàkì Babalọlá Akínyẹlé, ẹni tí ó di Olúbàdàn ní 1955, ni ó jẹ́ Ààrẹ, D. O. Ọdúbánjọ ń ṣe alábòójútó; Babalọlá sì jẹ́ Ajíhìnrere Àgbà. Ẹ wò ó: ẹni tí gbogbo ayé ń tọ̀ lẹ́yìn kò jókòó sórí àga olórí. Ó jẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn máa darí, òun ń lọ láti ìlú dé ìlú.

Ní Ẹdẹ ni ó sùn, ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù keje ọdún 1959. Mo ka ọjọ́ náà lórí kàlẹ́ńdà, mo rí i pé ọjọ́ Ìsinmi ni. Ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́ta ni. Ẹ̀fọ̀n Aláayè ni wọ́n gbé e lọ sin sí. Ní 2006, ìjọ rẹ̀ dá yunifásítì kan sílẹ̀ ní Ìkejì-Arákejì, níbi tí rólà rẹ̀ ti dákẹ́, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pè é. Ẹni tí kò kọjá ìwé kẹrin ni orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ẹ̀rí àwọn ọmọ yunifásítì lónìí.

Ṣùgbọ́n kí ni ó mú kí ìjọ náà dúró lẹ́yìn tí ẹni náà ti kú? Èmi gbà pé kì í ṣe ogunlọ́gọ̀. Èrò Òkè-Ooye tú ká. Èrò Ọ̀fà tú ká kíákíá ju ti Òkè-Ooye lọ. Ohun tí ó dúró ni ìpàdé kékeré tí kì í yẹ̀ lọ́sẹ̀: ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi ní òwúrọ̀, ìsìn lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, ọjọ́ àdúrà, ìpàdé àwọn obìnrin, àti ìṣọ́ òru. Níbẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ àti ìyá ọlọ́jà ti kọ́ a, b, d, tí wọ́n fi lè ka Bíbélì Yorùbá tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀, èyí tí ó parí ní 1884. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ẹni tí kò rí oúnjẹ jẹ, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, ẹni tí òun àti ọkọ rẹ̀ kò gbọ́ra wọn yé. Ogunlọ́gọ̀ kò lè mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ènìyàn mẹ́wàá tí ń rí ara wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló lè mọ̀ ọ́n.

Irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ni ìyá àgbà mi ń lọ ní Ọ̀fà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́rú ni. Kò lọ sí ilé ìwé rí; nínú kíláàsì ìjọ ni ó ti kọ́ ìwé kíkà nígbà tí ó ti bímọ mẹ́rin. Ó máa ń fi gèlè di Bíbélì rẹ̀ kí eruku má ba à. Mo tẹ̀ lé e lọ nígbà èwe mi. Ìgbà mìíràn, a kì í ju ènìyàn méje lọ. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí kò dúró sílé nígbà tí èrò kò pọ̀. Ó dá mi lóhùn pé bí òun kò bá lọ, wọn yóò ku mẹ́fà.

Nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ṣú, bàbá mi ni ó ń lọ mú un wálé. Bàbá mi yóò kírun ìṣáà tán ní mọ́sáláásí, yóò mú àtùpà, yóò sì lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì títí wọn yóò fi ṣe oore-ọ̀fẹ́. Kò wọlé rí, ìyá àgbà kò sì ní kí ó wọlé rí. Bí ìyá bá jáde, bàbá mi yóò dọ̀bálẹ̀ kí i, yóò gba Bíbélì lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sì máa tan iná síwájú rẹ̀ títí wọn yóò fi délé. Ọdún mọ́kànlá ni ó fi ṣe bẹ́ẹ̀, àyàfi ọ̀sẹ̀ tí ara rẹ̀ kò bá yá.

Ọ̀rẹ́ mi ọmọ Ẹ̀fọ̀n, mo gbà fún ọ. Wọn kò jẹ́ kí Babalọlá dúró ní Ọ̀fà ní ọjọ́sí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó kúrò lọ láìjà ni ó jẹ́ kí àyè wà fún ìyá àgbà mi àti bàbá mi láti jọ rìn lábẹ́ àtùpà kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ẹgbẹ́ àdúrà àti ẹgbẹ́ Mùsùlùmí nínú ọgbà yunifásítì, ẹ máa ṣe é lọ, kí ìpàdé yín má ṣe yẹ̀. Bí ẹ bá ti parí, kí ẹni tí ó ní àtùpà dúró de ẹni tí kò ní.